Ta lẹ mọ̀ ní Registry? Ìbéèrè tí kò yẹ kó ṣáájú Masters

Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kìíní, ẹ wo orí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ní fásitì, ìbéèrè kan lẹ máa rí léraléra. Kọ́ọ̀sì wo ló dáa jù? Wọn ò tíì débẹ̀. Olùkọ́ wo ló ń ṣèwádìí lórí nǹkan tí mo nífẹ̀ẹ́ sí? Ìyẹn ṣì jìnnà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹnikẹ́ni ní Registry ilé ìwé wa? Mo nílò transcript, kíákíá ni o."

Kò ní pẹ́ tí èsì á fi máa rọ́ wọlé. Ẹnì kan á ní òun ní nọ́ńbà bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òmíràn á ní kó lọ bá mọ́mì kan ní wíńdò kejì, àmọ́ kó má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹni kẹta á kàn rẹ́rìn-ín, á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni? Èmi ti ń retí tèmi láti oṣù karùn-ún."

A ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́, débi pé a ò mọ̀ mọ́ pé ọ̀rọ̀ tó le ni. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka Masters tàbí PhD, transcript ló jẹ́ pé èèyàn ti ṣiṣẹ́ fún un tán, ó ti fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kàwé lórí ẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò gùn. Ẹ̀tọ́ ni transcript, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe wá lóore. Títí dìgbà tí àwọn fásitì wa bá gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé àmọ́ tí kò mọ èèyàn á máa pàdánù àyè ẹ̀.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni, èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹni

Ẹ jẹ́ ká to nǹkan náà sílẹ̀. Ibi yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ì báà jẹ́ Ìbàdàn, Akọka tàbí Ilé-Ifẹ̀, ì báà jẹ́ Manchester tàbí Toronto, ohun tí wọ́n ń béèrè ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù. Sàtífíkéètì wà níbẹ̀. Transcript wà níbẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń to máàkì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan láti ọdún kìíní dé ọdún tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn. Wọ́n á gba lẹ́tà lọ́wọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó lè jẹ́rìí sí yín, olùkọ́ yín ni wọ́n sì sábà máa ń fẹ́. Ẹ máa kọ àlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ka kọ́ọ̀sì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní statement of purpose. Ẹni tó ń lọ sókè òkun lè ní láti ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì bíi IELTS tàbí TOEFL, ẹni tó ń kà á nílé á sì mú ìwé ẹ̀rí NYSC wá.

Ẹ wá pín gbogbo ẹ̀ sí méjì. Fọ́ọ̀mù, ìdánwò àti àlàyé ìdí, ọwọ́ yín ló wà. Tẹ́ ẹ bá lọ́ra, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Àmọ́ transcript àti lẹ́tà ìjẹ́rìí, èèyàn lè jí láago mẹ́rin ìdájí lójoojúmọ́, kó gbààwẹ̀, kó ṣe gbogbo ohun tó yẹ, kó má sì rí wọn gbà lásìkò. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Irin àjò ìwé kan

Ohun tó mú kí transcript yàtọ̀ sí sàtífíkéètì ni pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ò fẹ́ kó gba ọwọ́ yín kọjá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní Masters nílẹ̀ wa sábà máa ń fẹ́ kí fásitì tẹ́ ẹ ti jáde fi ránṣẹ́ sí wọn tààrà. WES, ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò láti ṣe àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí fún Kánádà àti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ fásitì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn máa ń gba ẹ̀dà tẹ́ ẹ bá fúnra yín gbé sórí ìkànnì wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á wá béèrè ojúlówó tó bá yá. Ìyẹn rọrùn fún ẹni tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mélòó ló ní in?

Ẹ tún wo bó ṣe rí nílé níbí. Láti fásitì kan sí òmíràn tí mọ́tò ń ná láàárín wákàtí méjì, transcript lè lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Ọmọ náà á sanwó, á gba rìsíìtì, á máa dúró. Tó bá pè, wọn ò ní gbé e. Tó bá kọ ímeèlì, kò ní rí èsì. Tó bá lọ fúnra ẹ̀, wọ́n á ní kó lọ sí Faculty, Faculty á ní kó lọ sí Department, Department á ní akọ̀wé tó ń bójú tó o ti lọ ìsinmi.

Mo mọ ọmọbìnrin kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwé ẹ̀. Two-one ló fi jáde. Fásitì kan lókè òkun gbà á wọlé, wọ́n tún fẹ́ bá a san èyí tó pọ̀ nínú owó ilé ìwé. Ohun kan péré ló kù: kí fásitì tó ti jáde fi transcript ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó sanwó lórí ìkànnì lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wọkọ̀ láti Èkó lọ síbẹ̀, wọ́n ní máàkì kọ́ọ̀sì méjì tó ṣe lọ́dún kejì ò sí nínú fáìlì ẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ wọn ní ọ̀kan nínú méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, ọjọ́ ti kọjá, wọ́n sì ti gbé owó náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ yìí ò pẹ́, kò purọ́, kò sì fìdí rẹmi nínú nǹkan kan. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì báyìí, ó sì máa ń sọ pé ó ti tán. Mi ò rò pé ó ti tán.

Kí ni fásitì fẹ́ sọ?

Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu àwọn fásitì náà.

Àkọ́kọ́, wọ́n á ní nítorí ayédèrú ìwé làwọn ṣe ń ṣọ́ra. Wọn ò parọ́. Ta ni kò gbọ́ nípa Olúwọlé ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú gbogbo ìwé tí ìjọba lè tẹ̀, láti orí sàtífíkéètì dé orí físà? Tí fásitì bá ń fi transcript lé gbogbo ọwọ́, ẹ̀rù á máa bà wọ́n pé wọ́n á yí i. Ìkejì, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ò tó, fáìlì ìgbà àtijọ́ wà nínú bébà, eku ti jẹ òmíràn. Ìkẹta, ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù Kejìlá ni ASUU fi wà nílé. Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Lọ́dún 2022 yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ náà yanṣẹ́ lódì fún oṣù mélòó kan. Ta ló fẹ́ wá transcript fún ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì pa?

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí Senate fọwọ́ sí i pé two-one lọmọ yìí gbà, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Èèyàn ò lè ṣírò CGPA láìní gbogbo máàkì lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ náà, gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin wà níwájú wọn, ó pé pérépéré. Kí ló dé tí wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi èdìdì sí i, kí wọ́n fún ọmọ náà ní ẹ̀dà, kí wọ́n sì tọ́jú èyí tó kù sórí kọ̀ǹpútà? Kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá máàkì ọdún kejì kiri?

Ní ti ayédèrú, níbi tí ojúlówó bá ti ṣòro rí lọjà ayédèrú ti ń tà. Ẹni tó mọ̀ pé òun á rí transcript òun gbà láàárín ọjọ́ márùn-ún ò ní ìdí kankan láti wá oníjìbìtì lọ. Àwọn fásitì kan nílẹ̀ wa ti gbé ètò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kéèyàn sanwó, kó sì máa wo ibi tí ìwé ẹ̀ dé. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ìkànnì tó rẹwà ò ṣàǹfààní tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn rìsíìtì, inú yàrá kan náà ni bébà náà ṣì wà, tó ń dúró de akọ̀wé kan náà.

Òfin ò dákẹ́

Èmi tí mo kàwé òfin, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé a kì í fẹnu kan òfin nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. À ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá ni. Bẹ́ẹ̀ òfin méjì wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó gboyè mọ̀.

Ọ̀kan ni òfin tí wọ́n ń pè ní FOI Act, ti ọdún 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Tẹ́ ẹ bá kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ kan, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Tí àkókò bá fẹ́ kéré jù, ọjọ́ 7 mìíràn ni wọ́n lè fi kún un, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n lè gbà, owó ẹ̀dà ìwé ni. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, iléeṣẹ́ tí adájọ́ bá sì rí i pé kò nídìí tó fi kọ̀ lè san ìtanràn ₦500,000. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Fásitì ìpínlẹ̀ ò lè sọ mọ́ pé ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni.

Ìkejì ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, Nigeria Data Protection Act, tí wọ́n buwọ́ lù nínú oṣù kẹfà ọdún 2023. Èyí de fásitì aládàáni náà. Ó ní ẹnikẹ́ni tí iléeṣẹ́ kan bá tọ́jú ìsọfúnni nípa ẹ̀ lè béèrè ẹ̀dà ẹ̀, kí wọ́n sì fún un láì fi falẹ̀ láìnídìí. Máàkì yín, ìsọfúnni yín ni. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, àjọ tó ń mójú tó òfin náà wà tẹ́ ẹ lè fẹjọ́ sùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Òfin méjèèjì ò dárúkọ transcript, wọn ò sì sọ pé fásitì gbọ́dọ̀ bá yín fi ránṣẹ́ sí Toronto. Ohun tí wọ́n fún yín ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín. Mi ò sì ní kí gbogbo wa kó lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ yí ohùn padà. Ẹni tó dúró sí ẹnu wíńdò tó ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi," ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ní kó padà wá. Àmọ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Registrar, tó ní déètì, tó dárúkọ òfin, tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ gbà á ní ọ́fíìsì ẹ̀, ìyẹn di ìwé tí ẹnì kan máa dáhùn fún. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ kúnlẹ̀ tó bá yẹ ká kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ tó bá yẹ ká dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà wà nílẹ̀.

Ẹlẹ́rìí tí kò mọ ẹjọ́

Transcript nìkan kọ́. Lẹ́tà ìjẹ́rìí náà ní wàhálà tiẹ̀, gbogbo wa la sì mọ gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀: "Lọ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i."

Mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan lè ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì kan. Kò mọ orúkọ, kò mọ ojú. Ẹnikẹ́ni ò sanwó lẹ́tà fún un. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022, ìjọba ò san owó oṣù fún àwọn olùkọ́, wọ́n ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbowó. Ẹ wá fojú inú wo ẹni bẹ́ẹ̀, kí ogún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde máa pè é nínú oṣù Kejìlá kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilé ìwé márùn-ún tó ń retí lẹ́tà.

Síbẹ̀, ẹni tó jìyà ẹ̀ ni ọmọ yẹn. Àwọn tó ń ka ìwé yín lọ́hùn-ún kì í ṣe ọmọdé. Lẹ́tà tí ọmọ bá kọ nípa ara ẹ̀, èdè ẹ̀ máa ń jọ èdè inú àlàyé ìdí tó kọ, wọ́n á sì kà á pọ̀. Ó tún máa ń ṣófo: "ọmọ tó níwà ọmọlúàbí, tó ń ṣiṣẹ́ kára." Ọmọ wo ni wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀? Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé ọmọ yìí kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí báyìí, ó rí ohun báyìí níbẹ̀, mo bá a jiyàn lórí ẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú ìdáhùn. Olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ náà nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé lókè òkun máa ń fi ìlà ránṣẹ́ tààrà sí olùkọ́, wọ́n sì máa ń fẹ́ ímeèlì tó ní orúkọ fásitì nínú. Àwọn olùkọ́ wa kan ò tíì ṣí irú ímeèlì yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún wọn. Yahoo ni wọ́n ń lò. Ẹnì kan lè pàdánù àyè nítorí ìyẹn nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ráyè, ẹ sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá béèrè, kó lè wá ẹlòmíràn. "Rárá" tẹ́ ẹ sọ lóṣù kẹwàá sàn ju "bẹ́ẹ̀ ni" tí kò ní lẹ́tà nínú lóṣù Kejìlá.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe kí wọ́n tó tún un ṣe

Kí àwọn fásitì tó yí padà, ayé ò ní dúró. Àwọn nǹkan kan wà tó lè gbà yín.

Ẹ béèrè transcript kẹ́ ẹ tó nílò ẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ wà ní NYSC ni ìgbà tó dára jù. Ẹ gba ẹ̀dà ti ara yín tí ilé ìwé yín bá ń fúnni, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ṣé gbogbo kọ́ọ̀sì wà níbẹ̀? Ṣé orúkọ yín bá ti sàtífíkéètì mu? Àṣìṣe tẹ́ ẹ bá rí nígbà tí gbèdéke ò lé yín, ẹ lè tún un ṣe ní ìrọ̀rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé ìwé, ẹ máa ya fọ́tò èsì yín ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé tó ń ṣàlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé míì máa ń béèrè ẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé òṣùwọ̀n máàkì, ẹ̀yìn transcript ló sábà máa ń wà. 3.2 nínú 5 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 3.2 nínú 4. Fásitì Ìbàdàn ti lo òṣùwọ̀n 7 rí. Ẹni tó wà ní Ohio ò mọ èyí, tí ojú ewé yẹn ò bá sì bá ìwé yín lọ, ó lè fojú kéré yín láìmọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń lo òṣùwọ̀n 5, láti 3.50 dé 4.49 ni two-one, láti 2.40 dé 3.49 ni two-two. Two-two ò sì ti ilẹ̀kùn pa: ọ̀pọ̀ ètò Masters nílẹ̀ wa ló ń gbà á, ẹni tó ní third class sì lè gba ọ̀nà PGD wọlé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ sọ fún olùkọ́ yín ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ fi máàkì tẹ́ ẹ gbà nínú kọ́ọ̀sì ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, àkòrí iṣẹ́ ìwádìí yín, àlàyé ìdí tẹ́ ẹ kọ, àti gbogbo ọjọ́ gbèdéke lórí ojú ewé kan. Ẹ jẹ́ kó rọrùn fún un láti sọ òótọ́ nípa yín.

Nínú àlàyé ìdí, ẹ gbàgbé "láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sí i." Ẹ sọ ìṣòro kan tẹ́ ẹ fẹ́ yanjú, ibi tẹ́ ẹ ti pàdé ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe nípa ẹ̀, àti ìdí tó fi jẹ́ ilé ìwé yẹn gan-an lẹ fẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ lè yọ orúkọ ilé ìwé náà kẹ́ ẹ fi òmíràn sí i, ẹ ò tíì kọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ́jẹ́ǹtì. Ẹni tó máa dá aṣọ fúnni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé fásitì tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sanwó fún wọn, ilé ìwé tó ń sanwó ni wọ́n sì máa júwe fún yín. Ẹlòmíràn ṣì ń sọ ìtàn àná: láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ń lọ ka Masters ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe PhD tàbí Masters onííwádìí. Ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì kì í sì í sọ ni èyí tí kò mówó wọlé fún un. Chevening ò gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ó sì ń san owó ilé ìwé àti owó oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, tẹ́ ẹ sì gbà láti padà wálé fún ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ètò PhD ní Amẹ́ríkà kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á tún máa san owó oṣù fún un torí iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe. Ní Jámánì, èyí tó pọ̀ jù nínú fásitì ìjọba ni kì í gba owó ilé ìwé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ṣá: transcript.

Ọ̀rọ̀ tó kàn

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ fásitì ò pọ̀. Kí wọ́n kọ iye owó transcript àti iye ọjọ́ tó máa gbà sí gbangba, kí wọ́n sì dá owó padà tí ọjọ́ bá kọjá. Kí ẹnì kan wà tó lórúkọ, tó ní nọ́ńbà, tó ń dáhùn fún un, kódà nígbà ìyanṣẹ́lódì. Kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kúrò nínú bébà kí eku tó jẹ èyí tó kù.

Tí wọ́n bá ní owó ò sí, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ́ gééètì, tí wọ́n ń ra bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń kọ orúkọ sára ògiri. Kí sẹ́ẹ̀tì kan gbé yàrá àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n ra ẹ̀rọ, kí wọ́n gba ọ̀dọ́ mẹ́wàá síṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kò ní sí orúkọ lára ògiri, àmọ́ ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Registry á rí ọ̀nà lọ.

Àwọn tó sì ń gboyè lọ́dún yìí ńkọ́? Wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á dé fìlà, àwọn òbí á ya fọ́tò, wọ́n á sì gbé àpò ìwé kan lé wọn lọ́wọ́ tí sàtífíkéètì wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n fi transcript sí i. Àpò náà gba ìwé méjì.